Sọ́fítíwíà open source níbi iṣẹ́: ta lẹ ń pè nígbà tí sáfà bá dákú?

Akọ̀wéẸ̀rọ (Àkúrẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Mo nílò ìmọ̀ràn yín kíákíá, torí ìgbìmọ̀ wa máa jókòó lọ́jọ́ Ẹtì, orí ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni wọ́n sì fẹ́ jókòó lé.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni mo ń bá ṣiṣẹ́. Orílé-iṣẹ́ wa wà ní Alágbàka, a ní ẹ̀ka kan ní Oǹdó, òmíràn ní Ọ̀wọ̀. Sáfà kan ṣoṣo, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí gbogbo kọ̀ǹpútà yòókù gbára lé, ló gbé gbogbo wa ró. CentOS 7, irú Linux kan, ló wà lórí rẹ̀. PostgreSQL ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́, Samba la fi ń pín fáìlì láàárín ara wa. Open source ni gbogbo wọn: ọ̀fẹ́ ni, kóòdù wọn sì wà ní gbangba. Bọ̀dá tó tò ó fún wa ti lọ sí Kánádà. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, wọ́n ṣì máa ń dá wa lóhùn lórí WhatsApp, àmọ́ nígbà tí a bá ń ṣí ọ́fíìsì láàárọ̀, òru ló ṣì jẹ́ lọ́dọ̀ tiwọn.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, háàdì dísìkì kan kú nínú sáfà náà. Dísìkì méjì ni wọ́n so pọ̀ kí ọ̀kan lè dúró fún ìkejì, àmọ́ ibi tí ẹ̀rọ ti ń jí dìde wà lórí èyí tó kú nìkan, ni sáfà bá kọ̀, kò tan mọ́. Ọjọ́ kan àtààbọ̀ la fi ń kọ owó sínú ìwé. Àwọn ìyá tó wá láti Ọjà Ọba gba ẹ̀yáwó jókòó títí di ìrọ̀lẹ́, wọ́n sì lọ lọ́wọ́ òfo. Ó dùn mí gan-an.

Alága wa wá bi mí ní ìbéèrè tí mi ò rí èsì fún: “Ẹ ní ọ̀fẹ́ lẹ gbà á. Ó ti wá bàjẹ́ báyìí, ta la máa dì mú?” Wọ́n ní ká kó gbogbo rẹ̀ dànù, ká ra èyí tí wọ́n ń fowó rà, tó ní ilé-iṣẹ́ lẹ́yìn. Èmi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣé a lè rí ẹni tí a máa sanwó fún kó máa dúró ti open source lẹ́yìn wa? Àwọn tó ṣe é gan-an ni ká wá lọ ni, àbí ẹni tó wà nítòsí? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tọ́ mi sọ́nà.

Baba Ìjàpọ̀

Ọmọ mi, o kú ìfaradà. Má bínú sí alága yín o. Ìbéèrè tí wọ́n bi ọ́ tọ́. Òun ló yẹ kí gbogbo ilé-iṣẹ́ kọ́kọ́ bi ara wọn kí wọ́n tó gbé owó olówó lé ẹ̀rọ kankan lórí.

Ìdáhùn tèmi rèé. Yálà ẹ gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ẹ fowó rà á, ẹni tí ẹ máa dì mú ṣọ̀wọ́n. Ìwé àṣẹ GPL tí Linux ń lò kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà pé kò sí ìdánilójú kankan. Àmọ́ ẹ ka ìwé àdéhùn àwọn tó ń ta tiwọn náà dé ìsàlẹ̀, ẹ máa rí ibi tí wọ́n ti fi ààlà sí iye tí wọ́n máa san bí iṣẹ́ yín bá bàjẹ́. Ohun tí owó lè rà ni ẹni tó di dandan fún láti dáhùn láàárín wákàtí tí ẹ jọ kọ sílẹ̀. Ọ̀fẹ́ tí à ń wí yìí, ti àṣẹ ìlò ni: ẹ lè lò ó, ẹ lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ẹ lè yí kóòdù rẹ̀ padà, ẹ lè pín in. Òógùn ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ kò sí nínú ọ̀fẹ́ yẹn. Títa irú òógùn bẹ́ẹ̀ ló sọ Red Hat, ilé-iṣẹ́ Linux tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1993, di ńlá débi tí IBM fi san bílíọ̀nù 34 dọ́là láti rà á ní 2019.

Wàyí o, ohun tó bà mí lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ rẹ kì í ṣe dísìkì. CentOS 7 ni. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà 2024 ni àtúnṣe ààbò dópin fún un. Ihò yòówù tí wọ́n bá rí lára rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ náà, ṣíṣí ló máa wà. Àwọn kan ṣì ń ta àtúnṣe fún un, àmọ́ owó ìdádúró nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ kúrò lórí rẹ̀ ná. AlmaLinux àti Rocky Linux ló sún mọ́ ọn jù. 2021 ni àwọn méjèèjì jáde, lẹ́yìn ìkéde oṣù Kejìlá 2020 pé CentOS tí a mọ̀ ń bọ̀ wá sópin. Ẹ̀dà 9 tiwọn máa rí àtúnṣe ààbò gbà títí di 2032. Bí ẹ bá fẹ́ Debian tàbí Ubuntu, tí àwọn náà jẹ́ irú Linux, kò burú. Èyí tí ẹni tó máa tọ́jú rẹ̀ bá mọ̀ jù ni kí ẹ mú.

FUTA_tẹ́lẹ̀

Àǹtí, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ bá mi tẹ `psql --version` lórí sáfà yẹn, ká lè mọ ẹ̀dà PostgreSQL tó wà níbẹ̀. Kí ló sọ?

Akọ̀wéẸ̀rọ (Àkúrẹ́)

Ó ní 9.2.24.

FUTA_tẹ́lẹ̀

Mo fura. Òun ló bá CentOS 7 wá. Ọdún márùn-ún ni àwọn tó ń ṣe PostgreSQL fi ń tọ́jú ẹ̀dà ńlá kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ti fi 9.2 sílẹ̀ láti oṣù Kọkànlá 2017. Nítorí náà, nǹkan méjì ló ti dàgbà jù lórí sáfà yín.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra sí rèé, torí mo ti rí i tó gbé àwọn èèyàn ṣubú. Tí ẹ bá ń kó lọ sórí ẹ̀rọ tuntun, ẹ má ṣàdàkọ fódà dátà bó ṣe wà. PostgreSQL ẹ̀dà tuntun kò ní ka ti 9.2. Kódà kó jẹ́ ẹ̀dà kan náà ni, ọ̀nà tí Linux fi ń to lẹ́tà tẹ̀ léra yí padà láti ẹ̀dà 2.28 ti glibc (àkójọ kóòdù tí àwọn ètò Linux ń lò), ti CentOS 7 sì kéré sí i. Bí fódà yẹn bá dé orí ẹ̀rọ tuntun, àwọn atọ́ka tó wà lórí orúkọ lè dàrú láìsí ariwo: ẹ máa wá orúkọ ìyá kan, ẹ̀rọ á ní kò sí, bẹ́ẹ̀ owó ìyá náà wà níbẹ̀. `pg_dump`, irinṣẹ́ PostgreSQL tó ń kó dátà jáde, èyí tó wà lórí ẹ̀rọ tuntun ni kí ẹ fi fa dátà kúrò lórí ti àtijọ́, kí ẹ wá tú u sínú ẹ̀dà tuntun. `pg_dump` ti ẹ̀dà 15 ṣì gbọ́ èdè 9.2.

Ní ti ẹni tí ẹ máa sanwó fún, kò sí ilé-iṣẹ́ kan tó ni PostgreSQL. Ojú òpó wọn ní àkójọ àwọn tó ń ta àtìlẹ́yìn, wọ́n pín wọn sí agbègbè-agbègbè, Áfíríkà sì wà níbẹ̀. Ẹ sì lè bèèrè lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ímeèlì ìjíròrò wọn, níbi tí àwọn tó kọ kóòdù náà fúnra wọn ti ń dáhùn. Mo ti rí èsì gbà níbẹ̀ láàárín ogún ìṣẹ́jú, mo sì ti dúró fún ọjọ́ mẹ́rin. Kò sẹ́ni tó jẹ mí ní gbèsè èsì, mi ò lè bínú.

ỌmọOǹdó

Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Oǹdó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. A sanwó àtìlẹ́yìn fún ilé-iṣẹ́ kan lókè òkun, ìpele tó ga jù lọ, ti tọ̀sán tòru. Lóru ọjọ́ kan, ẹ̀rọ àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn dákẹ́. A ṣí tíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìbéèrè ìrànlọ́wọ́, kò tó wákàtí kan tí wọ́n fi dáhùn, wọ́n sì fi sùúrù bá wa sọ̀rọ̀. Ìgbẹ̀yìn ni a rí i pé ìnfátà ló ń já iná tó sì ń dá a padà léraléra, tó fi ba dísìkì jẹ́. Wọ́n sọ fún wa pé kò sí ohun tó ṣe sọ́fítíwíà tiwọn, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Wọn kò ṣẹ̀ wá o. Àwa la rò pé owó tí a san máa gbé èèyàn wá sí Oǹdó láago méjì òru. Àtìlẹ́yìn àwọn tó ṣe sọ́fítíwíà kì í kọjá ara sọ́fítíwíà.

Ohun tó jẹ wá níyà jù ni pé kí a tó lè ṣí tíkẹ́ẹ̀tì yẹn rárá, wákàtí mẹ́ta ti lọ. Orúkọ òṣìṣẹ́ tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ ló wà lórí àdéhùn, ímeèlì tirẹ̀ ni wọ́n fi ṣí i, kò sí ẹni tó mọ páásíwọọ̀dù. Àwọn nọ́ọ̀sì ń kọ nǹkan sórí páálí oògùn. Ẹ dákun, ímeèlì ọ́fíìsì ni kí ẹ fi ra àtìlẹ́yìn, kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ kọ nọ́ńbà àdéhùn yín, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá sáfà.

Ẹ sì mọ ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín: ẹ̀dà wo ni, kí lẹ yí padà lọ́jọ́ náà, lọ́ọ̀gì (àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe) dà? Lórí Red Hat, AlmaLinux àti Rocky, àṣẹ `sos report` ló ń kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú fáìlì kan. Ẹ ti lò ó rí kí ọjọ́ wàhálà tó dé.

Arákalẹ̀_Tẹkí

Ẹ má bínú o, èmi fara mọ́ alága. Ní Àkúrẹ́ níbí, ẹni mẹ́wàá tó mọ Windows Server (ti Microsoft, tí wọ́n ń fowó rà) lo máa fọwọ́ kàn kó o tó kan ẹnì kan tó mọ Linux dénú. Kí ni àǹfààní kóòdù tó wà ní gbangba nígbà tí kò sẹ́ni tó lè kà á?

Baba Ìjàpọ̀

Àbúrò, òótọ́ wà nínú ohun tó o sọ. Bí wọ́n bá wá a tì, tí wọn ò rí ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí wọ́n lo ohun tí ọwọ́ àwọn ará ìlú mọ̀. Mi ò ní tan ọmọ ọlọ́mọ sínú igbó.

Ṣùgbọ́n kí alága mọ̀ pé ọjọ́ ikú wà fún tọ̀hún náà: Windows Server 2012 R2 dópin ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá 2023. Yàtọ̀ sí owó sáfà fúnra rẹ̀, wọ́n tún máa ra àṣẹ ìwọlé fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tàbí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tó ń bá a sọ̀rọ̀, ní ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó máa wá tún un ṣe ní Ọ̀wọ̀ kò sì sí nínú owó yẹn. Ìyàtọ̀ tí mo rí ni pé lórí open source, lọ́jọ́ tí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ bá já yín kulẹ̀, ẹ lè gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn, sọ́fítíwíà àti dátà ò ní kúrò níbi tí wọ́n wà. Mo ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti gbà á lọ́wọ́ mi rí.

Kòkó_àti_Kóòdù

Àwa tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ nìyí, lójú ọ̀nà Oǹdó. Ẹ̀rọ méjì ni a gbé Proxmox lé, sọ́fítíwíà tó ń jẹ́ kí sáfà púpọ̀ gbé inú ẹ̀rọ kan, gbogbo sáfà wa yòókù sì ń gbé inú wọn. Nígbà àkọ́kọ́ tí máníjà wa rí i tó kọ ọ́ sójú ẹ̀rọ pé a kò ní subscription (àdéhùn àtìlẹ́yìn ọdọọdún), wọ́n pè mí sínú yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n bi mí bóyá ẹrù olè la ń lò. Mo ní rárá, sọ́fítíwíà kan náà ni, owó yẹn jẹ́ ti àtúnṣe tí wọ́n ti yẹ̀ wò dáadáa àti ti ẹni tó máa dáhùn.

Ilé-iṣẹ́ kan ní Vienna, ní Austria, ló ṣe é. Iye ihò tí prósẹ́sọ̀ (ọpọlọ ẹ̀rọ) jókòó sí lára ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń ṣírò owó, lọ́dọọdún. Ìpele mẹ́rin ló wà. Community kò ní tíkẹ́ẹ̀tì kankan. Basic ní tíkẹ́ẹ̀tì 3 lọ́dún, Standard ní 10, Premium kò ní ààlà. Basic la mú, a sì ti mọ̀ pé tíkẹ́ẹ̀tì 3 ń tó wa. Aago iṣẹ́ Vienna ni wọ́n fi ń dáhùn, ó sì bá tiwa mu: aago kan náà ni wá nígbà òtútù tiwọn, wákàtí kan péré ni wọ́n fi ṣáájú wa nígbà ooru. Kò dà bí ẹni tó jẹ́ pé òru wa ni ọ̀sán rẹ̀. Àmọ́ kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ Sátidé sì ni àgbẹ̀ ń kó kòkó wá jù. Nítorí náà a ní ọmọkùnrin kan nítòsí tí à ń sanwó fún.

Àkíyèsí kan lórí owó: Yúrò ni wọ́n ń gbà. Lẹ́yìn tí wọ́n tú owó náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2023, iye tí a yà sọ́tọ̀ kò tó mọ́ rárá, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù àdéhùn náà. Láti ìgbà yẹn, iye Yúrò la ń kọ sínú ètò ìnáwó.

Ìyá Ìbejì Alágbàka

Ẹ jẹ́ kí èmi tó ń fọwọ́ sí ìwé owó sọ tèmi. Mi ò kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ìṣirò owó ni mo kọ́, mo sì ti fọwọ́ sí irú àdéhùn yìí lẹ́ẹ̀mẹta.

Àkọ́kọ́ nínú wọn, a kọ ọ́ pé ẹni náà máa dáhùn láàárín wákàtí méjì. Lóòótọ́ ló dáhùn láàárín wákàtí méjì. Ó ní, “Mo ti gbọ́, mà.” Ẹ̀rọ wá wà ní ilẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Kò tako àdéhùn, àwa ni a kò mọ ohun tí a kọ. Ìdáhùn lọ́tọ̀, kí iṣẹ́ padà bẹ̀rẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ kọ méjèèjì, ẹ kọ wákàtí fún ìkọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ohun tó jẹ́ pàjáwìrì: kí gbogbo ẹ̀ka má lè wọlé kò rí bákan náà pẹ̀lú kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan má ṣiṣẹ́.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹ má gba ẹnì kan ṣoṣo. Tó bá ń ṣàìsàn, tó bá lọ sí ìnáwó, tó bá gba físà, ẹlòmíràn tó mọ sáfà yín gbọ́dọ̀ wà, kí orúkọ àwọn méjèèjì sì wà nínú ìwé. Owó ọkọ̀ sí Oǹdó àti Ọ̀wọ̀, ẹ kọ ẹni tó máa san án. Páásíwọọ̀dù tó ga jù, inú àpòòwé tí wọ́n lẹ̀ ni kó wà, nínú séèfù, kí ẹni méjì fọwọ́ sí ẹnu rẹ̀. Ní ọjọ́ tí àdéhùn bá parí, kí ó lo ọgbọ̀n ọjọ́ láti fi iṣẹ́ lé ẹni tó ń bọ̀ lọ́wọ́ pẹ̀lú gbogbo ohun tó kọ sílẹ̀.

Ohun tí mi ò ní fi tọrẹ láéláé: oṣù mẹ́ta-mẹ́ta la ń sanwó, lẹ́yìn iṣẹ́, mi ò sì ń fọwọ́ sí i àfi tó bá jókòó níwájú mi, tó mú ẹ̀dà ìpamọ́, tó sì tú u jáde sórí ẹ̀rọ míràn kí n fojú ara mi rí i. Kí ó sọ pé òun ń ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ kò tó mi. Mo ní kó ṣí àkọsílẹ̀ ọmọ ẹgbẹ́ kan tí èmi yàn, kí n fi wé ìwé tó wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ tún rántí Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà, ti 2023. Ẹnikẹ́ni tó bá ń fọwọ́ kan dátà àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yín nítorí yín, òfin náà fẹ́ kí àdéhùn kíkọ wà láàárín yín. Ìyẹn kan ọmọkùnrin tó wà ládùúgbò, ó sì kan bọ̀dá tó wà ní Kánádà.

Òkè-Àró_Linux

Mo kàn fẹ́ fi èyí kún un. Bí ẹ bá lọ sí Ubuntu, Ubuntu Pro jẹ́ ọ̀fẹ́ fún iṣẹ́ kékeré tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò ju 5 lọ. Ó ń fa àtúnṣe ààbò láti ọdún 5 sí ọdún 10. Àmọ́ kò sí ẹni tó máa gbé fóònù yín nínú ọ̀fẹ́ yẹn o, àtúnṣe nìkan ni.

Akọ̀wéẸ̀rọ (Àkúrẹ́)

Ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an. Ìpàdé ti parí, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe lọ.

Ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì ló dá oorun mọ́ mi lójú. Lálẹ́ ọjọ́ Ọjọ́rú, mo ní kí n tú ẹ̀dà ìpamọ́ wa jáde sórí lápútọ́ọ̀pù mi wò. Fáìlì tó gbẹ̀yìn, oṣù méje ló ti wà níbẹ̀. Ibi tí ètò náà ń kó o sí ti kún, ó sì dákẹ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ká ní dísìkì kejì bá èkíní lọ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, oṣù méje owó àwọn ìyá yẹn ì bá ti pòórá. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún.

Mo sọ ọ́ fún ìgbìmọ̀ bó ṣe rí, mi ò fi nǹkan pamọ́. Alága dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní, “Èló la máa ná kí irú èyí má tún ṣẹlẹ̀?” A ò kó nǹkan dànù. Wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀rọ tuntun tí AlmaLinux 9 máa wà lórí rẹ̀, wọ́n sì gbà kí a bá àwọn méjì kan nítòsí ṣe àdéhùn bí Ìyá Ìbejì ṣe là á kalẹ̀. Lọ́dún yìí, a kò ní ra subscription lókè òkun. A ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹni tó mọ PostgreSQL dénú, kó dúró tì wá lọ́jọ́ ìkólọ nìkan. Bọ̀dá Kánádà ti gbà láti fi fídíò bá àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ ní Sátidé mẹ́ta, a ó sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan.

Lálẹ́ àná, mo ṣe `pg_dump` tuntun, mo tú u jáde, iye ọmọ ẹgbẹ́ àti àròpọ̀ owó sì bára mu dé kọ́bọ̀. Ẹ̀dà kan ti wà lọ́wọ́ dírẹ́bà wa báyìí, ó ń gbé e lọ sí séèfù Oǹdó.

FUTA_tẹ́lẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Ṣé ẹ tì í pa kó tó wọ ọkọ̀?

Akọ̀wéẸ̀rọ (Àkúrẹ́)

Bẹ́ẹ̀ ni, gpg, sọ́fítíwíà tó ń fi kọ́kọ́rọ́ ti fáìlì, ni mo fi tì í. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nínú àpòòwé, nínú séèfù Alágbàka níbí. Èmi àti akápò la jọ fọwọ́ sí ẹnu rẹ̀.